Ọkọ̀ tuntun, tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti lò nílé: bí ẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀ kí owó tó jáde

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní Nàìjíríà kì í yan nínú méjì, mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Tuntun wà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí. Tòkunbọ̀ wà, tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Yúróòpù kí wọ́n tó kó o wá sílé. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ará ilé wa kan ti gba nọ́ńbà sí, tó ti ń wà á káàkiri Ìbàdàn tàbí Ìkẹjà láti ọdún mélòó kan, tó wá fẹ́ tà á. Iye tó wà lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú. Kí ni mo lè fi ẹ̀rí mọ̀ nípa ohun tí ọkọ̀ yìí ti là kọjá? Bó bá dẹnu kọlẹ̀ lóṣù kẹta, kí ló máa kù lọ́wọ́ mi tí mo lè fi tún un ṣe? Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lọ́kàn yín bí a ṣe ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà máa ṣe

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kìlómítà mélòó lẹ máa ń rìn lójúmọ́? Èèyàn mélòó ni yóò máa jókòó sínú rẹ̀? Ṣé kòtò ọ̀nà àdúgbò yín kò ní máa gbá abẹ́ ọkọ̀ kékeré? Mẹkáníìkì wo ló wà nítòsí, irú ọkọ̀ wo ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba owó jù lẹ́yìn ọ̀la. Ìdí kan tí Corolla àti Camry fi kún títì wa ni pé ẹ máa rí ẹ̀yà wọn ní Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ máa rí i ní Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ sì máa rí ẹni tó mọ inú wọn ní ìlú kékeré pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ Yúróòpù ńlá kan tí owó rẹ̀ rọjú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta jíà rẹ̀ àti iye ẹni tó lè tún un ṣe láàárín ìlú yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò gbogbo owó

Owó tí ẹ máa kà fún ẹni tó ń ta ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo owó ọkọ̀. Ká ní ₦12,000,000 lẹ ní, àlòkù lẹ sì fẹ́ rà, yálà tòkunbọ̀ tàbí ti ilé. Ẹ má lọ ra ti ₦12,000,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ wá ọkọ̀ tí kò ju ₦9,600,000 lọ. Inú ₦2,400,000 tó kù ni táyà, bátìrì, bíréèkì, ọ́ìlì, ìwé ọkọ̀ àti àtúnṣe oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ máa ti jáde. Ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí àlòkù máa ń di ẹni tó ń fi ọkọ̀ tó ní bíréèkì tó ti jẹ tán gbé ọmọ lọ síléèwé, nítorí pé kò sówó mọ́.

Epo ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo àti èyí tí kò mu ún ti di owó gidi. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ẹ ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù. Ọkọ̀ kan ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà, èkejì ń jẹ lítà 14. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ lítà 80 lóṣù, ti èkejì 140. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ₦54,000 lóṣù, ₦648,000 lọ́dún, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ní ọdún márùn-ún. Jíìpù tí wọ́n ta lọ́pọ̀ fún yín lè ti gba owó náà padà lọ́wọ́ yín nílé epo kí ẹ tó mọ̀.

Ìnṣọ́ránsì náà ń bẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì, gbé ti ẹnìkẹta fún ọkọ̀ àdáni láti ₦5,000 sí ₦15,000. Èyí tó ń bo gbogbo ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ tuntun tó jẹ́ ₦30,000,000 yóò gba ₦1,500,000 lọ́dọọdún. Ó pọ̀, àmọ́ ìnṣọ́ránsì ẹnìkẹta kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tiyín bí wọ́n bá jí i tàbí bí ó bá forí sọ òpó. Ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san. Ẹni tí kò bá lè san ìnṣọ́ránsì kíkún fún ọkọ̀ tuntun, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó rà á.

Ẹ wá gbọ́ ti owó èlé, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí báǹkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì máa ń ga ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá yá ₦10,000,000 ní èlé ìdá 30 lọ́dún, tí ẹ fẹ́ san án tán ní ọdún mẹ́rin, nǹkan bíi ₦360,000 lẹ máa san lóṣooṣù. Bí oṣù méjìdínláàádọ́ta bá pé, ẹ ti san nǹkan bíi ₦17,280,000. Owó ọkọ̀ kan ti lé ní ti ọkọ̀ kan àti ààbọ̀, ọkọ̀ náà sì ti gbó ní ọdún mẹ́rin. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín bá lè yá yín ní èlé kékeré, ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó ronú báǹkì.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn èèyàn. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n máa ń ka ọkọ̀ tuntun sí ohun tó ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ wa, láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ta ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní owó tó ju èyí tí wọ́n fi rà á lọ, wọ́n sì rò pé èrè ni. Kì í ṣe èrè. Ẹni tó ta Corolla rẹ̀ lọ́nà yẹn máa mọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra òmíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ọkọ̀ sí ibi ìpamọ́ owó nígbà tí ẹ bá ń ṣírò yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìgbà tí tuntun bá tọ́

Ó tọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fàyè gba ọkọ̀ tó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, tó fẹ́ lò ó fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, tí kò sì ní yá owó kó tó san ìnṣọ́ránsì. Wáráńtì ni ohun tí ẹ ń fi àfikún owó yẹn rà. Nítorí náà, ẹ ka ìwé wáráńtì kí ẹ tó yan àwọ̀. Ta ló fọwọ́ sí i? Bí aṣojú ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà bá ni, ó dára. Bí oníṣòwò kan tó lọ fúnra rẹ̀ kó ọkọ̀ tuntun wá láti Dubai bá ni, aṣojú níbí lè sọ pé òun ò mọ ọkọ̀ náà rí, ẹ ó sì ti san owó tuntun fún ohun tí kò sẹ́ni tó máa dúró fún un. Ẹ tún béèrè ibi tí sáfíìsì gbọ́dọ̀ ti wáyé. Wáráńtì tó ń fi dandan gbé ará Adó-Èkìtì lọ sí Èkó nígbàkígbà tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, iye rẹ̀ ti dín kù fún ẹni yẹn.

Àwọn ọkọ̀ Ṣáínà bíi GAC, Changan àti Jetour ti wọ títì wa gan-an. Innoson ní Nnewi àti Nord ní Èkó náà ń to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí. Kò sí ìdí láti fojú tín-ín-rín wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ béèrè iye iná iwájú, bọ́ńpà, gíláàsì iwájú àti bíréèkì páàdì irú èyí tí ẹ fẹ́ rà. Bí wọ́n bá ní "a máa bá yín gbé e wá", ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ mélòó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tòkunbọ̀ àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ jù. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan, VIN, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Bí ibi kan bá yàtọ̀, tàbí bí ó bá dà bíi pé wọ́n ti ha á, ẹ máa lọ sílé.

Bí èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. 2 ni Kánádà, J ni Japan, W ni Jámánì. Ẹ wá ka a dé ìkẹwàá. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Wọn kì í lo I, nítorí náà J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni àpgíréèdì. Wọ́n á yọ iná àti bọ́ńpà ọkọ̀ 2011, wọ́n á fi ti 2014 sí i, wọ́n á sì pè é ní 2014. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n tán, àmọ́ lẹ́tà B tó wà níbẹ̀ kò ní parọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ gbogbo VIN náà sórí Google. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló ti gba ọjà gbàǹjo bíi Copart àti IAAI kọjá, àwòrán wọn sì máa ń kù síta: ẹ lè rí ọkọ̀ tó ń dán níwájú yín báyìí, tí imú rẹ̀ wó pátápátá nígbà náà lọ́hùn-ún. NICB, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti olè ọkọ̀ àti jìbìtì ìnṣọ́ránsì, ní ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tó ń sọ bóyá wọ́n ti jí ọkọ̀ kan tàbí bóyá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti kà á sí èyí tó ti bàjẹ́ tán. Carfax, ilé iṣẹ́ tó ń ta àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀, máa ń gba owó, àmọ́ owó rẹ̀ kéré sí ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ iye máìlì sílẹ̀ lọ́dọọdún. Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ń kà, máìlì kan sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.6. Bí wọ́n bá kọ 118,000 sílẹ̀ lọ́dún 2019, tí èyí tó wà níwájú yín wá ń kà 74,000, ẹnìkan ti dá a padà sẹ́yìn.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìjàǹbá ṣì lè wúlò bí ẹ bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó. Èyí tó ti mu omi ìkún-omi ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ sá fún. Wáyà inú rẹ̀ máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, àìsàn rẹ̀ sì lè má hàn títí ẹ ó fi lò ó fún oṣù mélòó kan, tí réwáyà á wá máa gba owó lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, kẹ́ ẹ wo bóyá àbàwọ́n ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ibi tí táyà àpamọ́ wà, ẹ wo nọ́ọ̀tì tó de àga mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Bí wọ́n bá ti da lọ́fínńdà tó pọ̀ sínú ọkọ̀, ẹ béèrè òórùn tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ti ẹ́àbáàgì. Ilé iṣẹ́ Takata ní Japan ṣe ẹ́àbáàgì fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, Honda àti Toyota wà lára wọn. Kẹ́míkà tó ń mú kó wú máa ń bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, lọ́jọ́ ìjàǹbá ó lè fọ́n irin sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Ó ti pa èèyàn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú ẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ooru àti ọ̀rinrin gan-an la sì ń gbé nínú rẹ̀. Orí ìtàkùn NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, nhtsa.gov, lẹ máa tẹ VIN sí lọ́fẹ̀ẹ́, á sọ fún yín bí wọ́n bá ti pe ọkọ̀ náà padà tí wọn ò sì tíì tún un ṣe. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ kàn sí aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà níbí kí ẹ tó rà á. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ́àbáàgì gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ torí pé ẹ́àbáàgì ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè wá kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, èbúté nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí ọ̀nà igbó kan wọlé láti Kútọnu lè rọjú, àmọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, ẹni tó tà á kò sì ní sí níbẹ̀. Ẹ gba ìwé SGD tí wọ́n fi kéde ọkọ̀ náà fún kọ́sítọ́ọ̀mù, nọ́ńbà C tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi forúkọ ìkéde náà sílẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n san, kí ẹ kó wọn fún aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù tó ní láísẹ́ǹsì, tí kì í ṣe èèyàn olùtajà, kó yẹ̀ wọ́n wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èyí tí wọ́n ti lò nílé

Àwọn èèyàn ń sá fún un nítorí ọ̀nà wa. Èmi kì í tètè sá. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ni ín, tí ẹ mọ ọ̀nà tó ń gbà lójúmọ́, tí ẹ sì lè bá mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe sọ̀rọ̀, ẹ̀rí tí ẹ ní ju ti tòkunbọ̀ tí kò nítàn lọ. Ohun tí ọ̀nà wa ń bàjẹ́ jù ni àwọn nǹkan abẹ́ ọkọ̀, bíi ṣọ́ọ̀kì àti búṣì, àtúnṣe ìyẹn kò sì wọ́n tó ti jíà rárá. Kí ló dé tó fi ń tà á? Ìdáhùn tó ṣe kedere, bíi pé ó ń lọ sókè òkun tàbí pé ìdílé ti pọ̀ ju ọkọ̀, sàn ju "mo kàn fẹ́ pààrọ̀ ni". Ẹ rí i pé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé, pé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ṣì wà, kí ẹ sì lọ yí orúkọ padà sí tiyín kíákíá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ fún un pé bó bá ní kẹ́ ẹ má rà á, owó náà kò ní dín. Mẹkáníìkì tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ olùtajà kò lè jẹ́ ojú yín.

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì tan án. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, wọ́n ti mú un jí kí ẹ tó dé. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi rédíétọ̀ tó ń wọlé sí ibi tí kò yẹ. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, bí ohun tó rí bíi mílíìkì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò sí i. Láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà tuntun ní Amẹ́ríkà ti ní ojú OBD2, ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ náà bọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá ni pé wọ́n á pa àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí ẹ tó dé, iná ẹ́ńjìnnì á kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń fi hàn bóyá ọkọ̀ ti parí ìdánwò ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ṣì wà ní "not ready", ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú hódóọ̀pù àti lórí òkè, pẹ̀lú ẹ́síì ní títàn. Jíà tó ń fò tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé nígbà tí ẹ bá fi sí "D" jẹ́ owó ńlá. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ilà ojú táyà lè ṣì jìn dáadáa kó sì ti gbó.

Ìgbésẹ̀ keje: owó àti ìwé

Inú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni kí owó lọ. Àdéhùn tí a kọ, tó ní VIN, iye owó, ọjọ́ àti ẹlẹ́rìí méjì, kò gba àkókò. Ẹ má san àsansílẹ̀ torí pé wọ́n ní "ẹnìkan ń bọ̀ láti wá gbé e".

Báwo lẹ ṣe máa wá yàn? Ẹ to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà, kí ẹ kọ owó ọdún márùn-ún sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: rírà, èlé, epo, ìnṣọ́ránsì, àtúnṣe, kí ẹ sì yọ iye tí ẹ rò pé ẹ lè tà á. Bí owó báǹkì nìkan ló lè mú yín dé tuntun, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ tí VIN rẹ̀ mọ́ àti ti ilé tí ẹ mọ ẹni tó ni ín, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tí ẹ̀yà rẹ̀ sì wọ́pọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Bí kò bá sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ pé, ẹ dúró. Ọjà ọkọ̀ ní Berger kò ní kó lọ.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé àlòkù délé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà rẹ̀ àti omi bíréèkì, kí ẹ sì béèrè bóyá bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò tàbí ṣéènì. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bó bá já lójú ọ̀nà, fáàfù lè tẹ̀ sínú. Ẹ fi ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí ẹ máa kọ ọjọ́, kìlómítà àti ohun tí ẹ ṣe sínú rẹ̀.